Ẹ̀san àti Àyànmọ́ nínú Àlọ́, Ìwé àti Fíìmù Yorùbá

Ẹ̀san ni ohun tí ìwà ẹni ń mú padà wá bá ẹni, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú. Níhìn-ín ní Ayewa, ní ilẹ̀ Okun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, inú àlọ́ ni ọmọdé ti ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀san láyé àtijọ́. Lóde òní, inú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rí i.

Àwọn òwe tó jẹ mọ́ ẹ̀san

1. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Afẹ́fẹ́ a máa gbé eérú padà sí ojú ẹni tó dà á.

2. Bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni í ṣe. Ohun tí a ṣe ní kọ̀rọ̀, ní kọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀san rẹ̀ yóò ti bá wa.

3. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ó lè jẹ́ òun ni yóò jìn sí i.

Ẹ kíyè sí i pé nínú òwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà tí oníkà fúnra rẹ̀ là ni ẹ̀san ń gbà padà. Èyí ni àmì tí a fi ń dá ẹ̀san mọ̀ nínú ìtàn.

Àpẹẹrẹ láti inú ìtàn

Ìtàn alágbe kan wọ́pọ̀ láàrin wa. Ojoojúmọ́ ni ó ń wí pé ẹni tó ṣe rere, ara rẹ̀ ló ṣe é fún. Ẹni tó ṣe ìkà, ara rẹ̀ ló ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ yìí sú obìnrin kan. Ó fi májèlé sínú àkàrà, ó sì fún alágbe náà. Alágbe kò tíì jẹ ẹ́ tí ó fi pàdé àwọn ọmọ tí ebi ń pa, ó sì fún wọn. Àwọn ọmọ obìnrin náà ni wọ́n.

Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, ọba Lápité kọ̀ láti ṣe ètùtù tí yóò so ó pọ̀ mọ́ àwọn ará ìlú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ó pe Lágàta, jagunjagun, pé kó wá gba òun. Lágàta yìí kan náà ló pa á, tó sì gba ipò rẹ̀. Lágàta dé adé, ìlù Ṣaworoidẹ dún, òun náà sì kú.

Ìgbà tí kì í ṣe ẹ̀san

Ọlá Rótìmí gbé The Gods Are Not to Blame jáde lórí ìtàgé ní 1968. Odéwálé sá kúrò nílé kí ó má bàa pa bàbá rẹ̀, kí ó má sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Ibi tó sá lọ gan-an ni àyànmọ́ ti bá a. Ìtàn Gíríìkì àtijọ́ ni Rótìmí mú wá sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ tún wo Moses Ọláìyá, Baba Sálà. Ní 1982 ó ṣe Ọ̀run Móoru, ìtàn ọkùnrin kan tí àwọn gbájúẹ̀ lù ní jìbìtì. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe àdàkọ fíìmù láìgbàṣẹ jí iṣẹ́ náà gan-an tà, ó sì pàdánù owó ńlá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré padà ṣẹlẹ̀ sí eléré, bẹ́ẹ̀ ni kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀san.

Ẹ̀kọ́ fún ilé àti ilé ìwé

Nínú eré, òǹkọ̀wé ló ń pín ẹ̀san. Nínú eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Ìṣọ̀lá kọ, Ìyálóde Ìbàdàn tó ń fi ẹrú jẹ níyà di ẹni tí a mú, ó sì gbé májèlé jẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn Ìbàdàn sọ pé ní 1874, àwọn ẹrú rẹ̀ ni a lò láti pa á, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòóṣà ti yọ ọ́ lóyè. Lára ẹ̀sùn tí Ààrẹ kà sí i lọ́rùn ni pé kò ràn án lọ́wọ́ lójú ogun. Ọ̀rọ̀ òṣèlú wà níbẹ̀, tí èrò ìworan lè má mọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èyí yé àwọn ọmọ. Ọmọ tó wo fíìmù púpọ̀ lè rí aláìsàn, àgàn tàbí opó, kó ní ẹ̀san ló ń jẹ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé ẹlòmíràn kúrò nílé ọkọ, ó sì ti mú kí ará àdúgbò yẹra fún ẹni tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀san, kó wo ìwà tirẹ̀; kó má wo ìyà ọmọnìkejì rẹ̀.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tó bá Lápité àti ohun tó bá Odéwálé?

2. Sọ òwe kan tó bá ìtàn alágbe mu, kí o sì ṣe àlàyé rẹ̀.

3. Dárúkọ eré kan tí o ti wò. Ṣé ọ̀nà tí oníkà là ni ẹ̀san gbà padà, àbí òǹkọ̀wé kàn fi í sí i ni?