Oyún àti Àwọn Àrùn Àjogúnbá Tí Ń Sọ Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Di Aláìlágbára

Ní ọdún 1896, dókítà ará Faransé kan, Antoine Marfan, kọ ìròyìn nípa ọmọdébìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìka rẹ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ. Orúkọ dókítà náà ni wọ́n fi sọ àrùn Marfan, ọ̀kan lára àwọn àrùn àjogúnbá tí kò yẹ kí obìnrin fojú kéré bí ó bá fẹ́ lóyún.

Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan wà nínú ara tí wọ́n so ẹran, egungun, awọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn ṣe ń di ìdì igi. Nínú àrùn Marfan, àbùkù wà lára apilẹ̀ àbùdá tí ń jẹ́ FBN1, ìyẹn ni àwọn fọ́nrán náà kì í fi í lágbára tó. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 5,000 ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Ẹni tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìka rẹ̀ gùn gbọọrọ, arẹwà ni àwọn ará ilé ń pè é. Ta ni yóò gbé ẹwà lọ sí ilé ìwòsàn?

Ibi tí ewu wà gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Bí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ ọkàn a sì wúwo sí i. Iṣan tó ti ń fẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè fẹ̀ sí i, kí ògiri rẹ̀ sì là. Bí ó bá là, ìyá àti ọmọ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún àti àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìbímọ ni èyí wọ́pọ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: a lè ti máa kí ìyá ọmọ kú ewu, kí ewu náà ṣì wà nílẹ̀. Ìrora òjijì tó le gan-an ní àyà tàbí láàárín èjìká méjèèjì lẹ́yìn kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo wò. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé àrùn yìí wà nínú ìdílé.

Ìwọ̀n iṣan náà ló ń darí ìmọ̀ràn àwọn dókítà, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọkàn ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n kí oyún tó dé. Bí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá tó 40 mìlímítà, ewu náà kéré, àmọ́ kò tán. Bí ó bá kọjá 45, wọ́n a ní kí obìnrin má ṣe lóyún àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi iṣẹ́ abẹ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ oògùn ńkọ́? Losartan, tí ọ̀pọ̀ aláàrùn Marfan ń lò, lè ba kíndìnrín ọmọ inú oyún jẹ́. Dókítà ni kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, irú bíi metoprolol. Kí obìnrin má kàn dá a dúró fúnra rẹ̀.

Àrùn Ehlers-Danlos pín sí oríṣiríṣi. Èyí tó burú jù nínú wọn máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀, ìfun àti ilé-ọmọ pàápàá ya. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014, ìbímọ 565 ni wọ́n yẹ̀ wò láàárín àwọn obìnrin tó ní irú yìí. Ìyá 30 ló kú.

Àwọn tọkọtaya wa mọ̀ nípa AS àti SS. Àrùn Marfan kò rí bẹ́ẹ̀: kò dìgbà tí bàbá àti ìyá bá jọ ní in. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní in, ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọmọ jogún rẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ní in ni òbí wọn kò ní in rárá, nítorí náà kò sídìí láti máa dá ìdílé ìyàwó lẹ́bi.

Ilé ìwòsàn tí dókítà ọkàn àti ti aboyún ti jọ ń ṣiṣẹ́ ni kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bímọ sí. Kí wọ́n máa ya àwòrán ọkàn rẹ̀ léraléra nígbà oyún, àti fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Kí ó tún sọ fún ẹni tí yóò gún un ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn, torí pé awọ tó bo ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti fẹ̀ lára aláàrùn Marfan, kí abẹ́rẹ́ náà má sì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.