Kókó Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọdé: Ìtàn Bí A Ti Dá A Mọ̀ Láti Kampala Dé Zaria

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tí ń mú párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé.

Ní ọdún 1957, wọ́n gbé ọmọ kan wá sọ́dọ̀ Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́-abẹ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń mì. Kò pẹ́ tí ó tún fi rí ọmọ mìíràn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí kókó sì wà nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ ìwé àwọn aláìsàn wò, ó sì rí i pé àrùn kan ṣoṣo ni ó ń fi ara hàn ní ibi púpọ̀. Ó tẹ ìròyìn yìí jáde ní 1958.

Ní 1961, òun àti dókítà méjì fi ọkọ̀ rin nǹkan bí 10,000 máìlì ní Áfíríkà, wọ́n ń wá ibi tí àrùn náà wà àti ibi tí kò sí. Ilẹ̀ olóoru, olójò, tí ibà pọ̀ sí, ni wọ́n ti bá a jù. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Edington àti Maclean kọ nípa bí ó ti pọ̀ tó ní Ìbàdàn. Edington yìí ni ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria.

Àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè dá a mọ̀, nítorí eyín tí ó kẹ̀ náà a máa mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Dókítà ní láti ya àwòrán egungun, kí ó gé díẹ̀ lára kókó náà, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì dúdú a kún bámúbámú, àwọn funfun a sì tò káàkiri láàárín wọn bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run lóru.

Kókó náà lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òbí tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wánzámì, tàbí tí ó ní kí wọ́n kàn fa eyín tí ń mì, ti fi ọjọ́ iyebíye ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí ń gbọ́ oògùn: láàárín 1960 sí 1969 ni Burkitt ti rí àwọn ọmọ tí oògùn cyclophosphamide mú lára dá. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.