Irin Méjì Tí Ìwà Wọn Kò Dọ́gba

Bí iná mànàmáná bá tàn, ta ló ń ronú kan páìpù? Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń pèsè iná, omi ni wọ́n ń sè di ooru, ooru náà ni yóò máa ti ẹ̀rọ yí. Bí ooru bá ṣe gbóná tó ni èédú tí wọ́n ń dá ṣe ń lérè tó.

Ìdí nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń lé e sókè. Ní 1957, ẹ̀rọ Philo 6 ní Ohio dé 621 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní 1960, Eddystone, lẹ́bàá Philadelphia, gbé 649 dé. Ìwọ̀n tí fọkanáísà fi ń wọn táyà mọ́tò ní nǹkan bí 30, 5,000 ló jẹ́ nínú páìpù Eddystone! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré?

Irin tí kì í dípẹtà, tó ní kúrómíọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì nínú, ló lè gba irú iná yìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Nítorí náà, ibi tó gbóná jù ni wọ́n ń fi í sí. Irin tó rọjú lówó ni wọ́n ń lò níbòmíràn. Dandan ni kí jórinjórin so méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú páìpù méjì, mítà 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi 500 kún gbígbóná wọn. Irin tó rọjú yóò fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 gùn sí i, èkejì yóò fi 9. Wọ́n sì ti so wọ́n mọ́ra! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, tí wọ́n tún pa á, ni wọ́n ń fa ara wọn. Yàtọ̀ sí èyí, kábọ̀n tó ń fún irin tó rọjú lágbára a máa yọ́ lọ sọ́dọ̀ èkejì, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin a sì rọ̀. Ìpẹtà náà a wá jẹ ẹ́ wọlé níbẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ó lè tó ọ̀pọ̀ ọdún kó tó sán. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè rí i, ooru tó bá bẹ́ jáde lè bó òṣìṣẹ́ láwọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Tẹ́lẹ̀, irin tí kì í dípẹtà ni jórinjórin ń yọ́ sáàárin méjèèjì. Nígbà tó yá, wọ́n yí sí èyí tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Alárinà gidi ni: bó ṣe ń gùn nínú iná súnmọ́ ti irin tó rọjú, kì í sì í jẹ́ kí kábọ̀n tètè sá lọ. Èyí pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ dáadáa, bí kò tilẹ̀ wà títí láé.

Ní Eddystone, wàhálà irin pọ̀ débi pé wọ́n dín ooru kù sí 610. Nígbà tí wọ́n rọra ṣe, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ di 2011. Ẹni tó bá fẹ́ so àjèjì méjì pọ̀, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí iná yóò sọ olúkúlùkù wọn dà.