Gírámà Ìyàlẹ́nu àti Iyèméjì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Atakpamé

Àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí ó wà ní agbègbè Atakpamé ní orílẹ̀-èdè Tógò, tí àwọn ará ìta ń pè ní Ana, tí àwọn fúnra wọn sì gbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni orírun wọn, ti bá gírámà òyìnbó méjì pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́, èkejì lé èkíní jáde. Lábẹ́ Jámánì, ní ìgbà Gómìnà Julius Zech, ìjọba ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí òwò ti mú gbilẹ̀ létí òkun, kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ wáyàlẹ́sì wọn jẹ́ ní Kamina, nítòsí Atakpamé, wọ́n sì túúbá. Ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Faransé, èdè Faransé sì rọ́pò ti Jámánì ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ìyípadà yìí kan ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà fi hàn pé ọ̀rọ̀ ya òun lẹ́nu, pé òun ń ṣiyèméjì, tàbí pé inú òun kò dùn sí i. Ẹni tí ń fi Jámánì ròyìn ohun tí ẹlòmíràn wí, tí kò sì fẹ́ jẹ́rìí sí i, lè yí “ist” padà sí “sei”. Ní Faransé, “il vient”, ìyẹn ni pé ó ń bọ̀, máa ń di “qu'il vienne” bí iyèméjì tàbí ìyàlẹ́nu bá ṣáájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Tógò ń kọ́ bí èdè àjòjì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fi “should” dípò rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó fi ń sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Èyí tó láti da orí ọmọdé rú.

Yorùbá, tí èdè Ifẹ̀ bá tan tímọ́tímọ́, kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀-ìṣe: “ó ń bọ̀” dúró bí ó ti wà, wúnrẹ̀n, ìyẹn ẹyọ ọ̀rọ̀ kéékèèké, ni ó ń gbé èrò ọkàn jáde, bí ó ti hàn nínú “òun kẹ̀?”, “ó ha ń bọ̀ bí?” àti “èwo ni ti ariwo yìí?”, ìbéèrè tí kò retí èsì, nítorí pé ìbáwí ni. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò ka àṣìṣe ọmọ nínú Faransé sí àìlóye.

Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 yan Ewe àti Kabiyè ní èdè orílẹ̀-èdè, kò yan Ifẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè Ifẹ̀ sí Faransé ti wà báyìí. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe ìwé gírámà fún àwọn ọmọ Atakpamé ya orí kan sọ́tọ̀ fún àwọn wúnrẹ̀n wọ̀nyí.