Ìránṣẹ́ Abẹ́ Mọ́tò

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi olùkọ́ tí ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀yìn mọ́tò mi wọlẹ̀ bí adìẹ tí ó sàba. Ẹni tí ń tún un ṣe ní àpò afẹ́fẹ́ tí ó gbé e dúró ti bàjẹ́. Owó oṣù mi bá a lọ. A pààrọ̀ àpò méjèèjì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mọ́tò tún sàba. Ọ̀pá tín-ín-rín kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ ni ó ti ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Báwo ni ọ̀pá kékeré ṣe lè mú mọ́tò ńlá kúnlẹ̀? Ẹ tẹ̀lé mi sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọdún 1804, Obadiah Elliott, ẹni tí ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí sípíríǹgì tí a fi irin pẹlẹbẹ ṣe bí ọrun méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Irin yìí kò gbọ́n, kò gọ̀: bí ẹrù bá wúwo, á wọlẹ̀, bí ó bá ṣẹ́, ojú á rí i. Nígbà tí mọ́tò dé, irú irin pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ni a fi sí abẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ Citroën gbé mọ́tò DS jáde níbi àfihàn mọ́tò ní Paris. Paul Magès, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ni ó fi òróró àti afẹ́fẹ́ nitrogen dípò sípíríǹgì onírin. Ọ̀pá kan sì wà tí ń ṣọ́ bí mọ́tò ṣe ga tó. Bí èrò bá wọlé tí mọ́tò rẹlẹ̀, ọ̀nà á ṣí fún òróró, mọ́tò á sì dìde padà sí ipò rẹ̀. Mọ́tò ti ní ìránṣẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ náà ní ọwọ́, kò ní ẹnu.

Mọ́tò Lincoln Continental Mark VII ti ọdún 1984, ní Amẹ́ríkà, ní ìránṣẹ́ tí ó ní ẹnu. Àpò afẹ́fẹ́ ni ó gbé e dúró, kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ, sẹ́ńsọ̀ sì ń gba inú wáyà jíṣẹ́ bí mọ́tò ṣe ga tó. Ẹ kíyè sí i: kọ̀ǹpútà kò ní ojú. Ohun tí ìránṣẹ́ bá sọ ni ó ń gbà. Nígbà tí ọ̀pá sẹ́ńsọ̀ tèmi ṣẹ́, ó ń jíṣẹ́ pé ẹ̀yìn mọ́tò ti ga jù. Kọ̀ǹpútà sì ń tú afẹ́fẹ́ dànù. Àpò tí kò ṣẹ̀ ni a fi ìyà jẹ.

Nítorí náà, bí iná ìkìlọ̀ bá tàn, tí mọ́tò sì wọlẹ̀ níbì kan, ẹ kọ́kọ́ bi ìránṣẹ́ léèrè. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé a ti fi ẹsẹ̀ irin gbé e dúró, nítorí afẹ́fẹ́ lè jáde lójijì. Kí a fi ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe mọ́tò wò ó. Kí a wo ọ̀pá náà bóyá ó ṣẹ́ tàbí ó tẹ̀; kí a tú ojú wáyà wò bóyá omi tàbí ìpẹtà wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wọn iná rẹ̀. Fóltì 5 ni a ń fún ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀. Bí a bá ń fi ọwọ́ gbé apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná tí ó ń dá padà gbọ́dọ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ń fò sókè sódò, tàbí tí ó kú láàárín, sẹ́ńsọ̀ ti lọ. Bí ara rẹ̀ bá le, ìgbà náà ni kí a fi omi ọṣẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò. Bí a bá sì fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, a ní láti tún fi ìwọ̀n gíga tí ó tọ́ han kọ̀ǹpútà.

Ní ayé sípíríǹgì onírin, ẹni tí ó bá rí ibi tí mọ́tò wọlẹ̀ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àrùn rẹ̀. Láti ìgbà tí mọ́tò ti ní ìránṣẹ́, ibi tí ó ń dùn ún lè má jẹ́ ibi tí àrùn wà. Ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Èmi ti san owó ilé-ìwé tiyín mọ́ tèmi.