Orírun ọ̀rọ̀ «gaïman» ní Àjàṣẹ́
Ní Nàìjíríà, apá 419 nínú òfin ọ̀daràn ni oníjìbìtì ti gba orúkọ. Ní Àjàṣẹ́, gaïman ni à ń pè é. Mo fara mọ́ àlàyé tó wọ́pọ̀ pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: oníjìbìtì a polówó ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ọkùnrin tí ń wá ọkùnrin, a sì gba owó àjèjì. Ohun tó fi díbọ́n ló di orúkọ rẹ̀. Ní 2018 ni Code du numérique jáde. Lọ́dún kan náà ni a dá CRIET sílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́, tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Lójú tèmi, ìtàn ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ ìpolówó ìbálòpọ̀ wò: àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ní ká fowó ránṣẹ́ ká tó fojú kanra, ká fura.