Ìrántí apá òkè àti káàdì àwòrán

Ìrántí apá òkè ni 384 KB tí ó gbẹ̀yìn nínú mẹ́gábáìtì àkọ́kọ́ ti àdírẹ́sì ìrántí inú kọ̀ǹpútà IBM PC àti àwọn tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni káàdì àwòrán, tí ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán wá sójú kọ̀ǹpútà, ti ń gba àyè tirẹ̀.

Ọdún 1981 ni IBM PC jáde. Intel 8088 tí ó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ kò lè dé ju àdírẹ́sì 1,048,576 lọ. DOS àti àwọn ètò ló ni 640 KB ìsàlẹ̀. Ìyókù wà fún káàdì àti BIOS. Àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n pín báyìí: ìrántí tí ń dáhùn sí i wà lórí káàdì fúnra rẹ̀.

Káàdì MDA tí kò ní àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti B0000, CGA aláwọ̀ láti B8000 (nínú kíkà onímẹ́rìndínlógún, A jẹ́ 10, B jẹ́ 11, C jẹ́ 12). Nítorí pé àdírẹ́sì wọn kò forí gbárí, àwọn méjèèjì lè wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Báìtì méjì ni àmì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan fún nọ́ńbà àmì, èkejì fún àwọ̀ tàbí ìrísí rẹ̀. Ìlà 25 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àmì 80 jẹ́ 4,000 báìtì.

Nọ́ńbà ni ètò ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe àwòrán lẹ́tà. Àwòrán 256 péré ló wà nínú ROM káàdì, gẹ́gẹ́ bí tábìlì tí à ń pè ní code page 437 ti tò wọ́n. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè Yorùbá. Tábìlì náà ní à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù àti ú, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Nínú fáwẹ̀lì ńlá tí ó ní àmì ohùn Yorùbá, É nìkan ló wà. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ Ìṣẹ́ Èkìtì, kò ní rí Ì, ṣ, ẹ́ àti È. Owó àti ọwọ́ á di ọ̀kan náà.

EGA (1984) àti VGA (1987) ṣí ọ̀nà. Wọ́n ń da àwòrán lẹ́tà kọ láti inú ROM sínú ìrántí káàdì, níbi tí ètò ti lè pààrọ̀ rẹ̀. VGA ní 256 KB, tí a pín sí ìpele mẹ́rin. Fèrèsé 64 KB tí ó bẹ̀rẹ̀ láti A0000 ni ètò ń gbà wọlé sí wọn, ìpele kẹta sì ni àwòrán lẹ́tà ń gbé. Lẹ́tà VGA kan jẹ́ báìtì 16. Ẹ, ẹ̀, ẹ́, ọ, ọ̀, ọ́ àti ṣ, kékeré àti ńlá, jẹ́ 14, èyí tí kò ju 224 báìtì lọ. Àmì mìíràn ni yóò fi àyè sílẹ̀ fún wọn, bí ètò bá sì tún ipò káàdì ṣe, ti àtijọ́ á padà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mọ̀ sí ìyípadà yìí rárá, nítorí òun náà ní àwòrán lẹ́tà tirẹ̀.

BIOS káàdì EGA àti VGA bẹ̀rẹ̀ láti C0000. Láti ìgbà DOS 5 (1991), EMM386 lè fi ètò kéékèèké sí àyè tó ṣófo ní apá òkè. Lórí VGA aláwọ̀, 32 KB láti B0000 sábà máa ń ṣófo, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí káàdì bá yí sí ipò aláìláwọ̀, yóò gba àyè rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà á sì dákú.